Ọmọbìnrin Tó Fò Níwájú Ère Mọ́remí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nípa Fíìmù Akọni àti Idán Tó Ń Gbó

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ti ń ya fídíò òde. Ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìkómọ, ìwúyè: ibẹ̀ ni owó oúnjẹ ti ń wọlé. Ọ̀gá tó ni ín ti wà nídìí kámẹ́rà láti ayé kásẹ́ẹ̀tì VHS, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló sì ti gba fíríìdọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń yà síbẹ̀ láti fi bí a ṣe ń to àwòrán pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà han àwọn ọmọṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣojú mi. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ti òde. Màdáámù kan, ọmọ Ifẹ̀, ti ṣe ìwé ìtàn alàwòrán kan fún àwọn ọ̀dọ́: ọmọbìnrin kan tí Mọ́remí fún ní agbára láti máa fò. Wọ́n fẹ́ kí a sọ ojú ìwé mélòó kan níbẹ̀ di fíìmù kékeré tí wọn yóò gbé sí YouTube. Ibi tí ọkàn wọn wà jù ni ibi tí ọmọbìnrin náà ti fò kọjá níwájú ère Mọ́remí, ère ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 42 tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí ní 2016, tó sì balẹ̀ sójú títì láàárín èrò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tẹnu mọ́. "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ bí fíìmù wa àtijọ́ ṣe rí. Mi ò fẹ́ èyí tí àwọn ọmọ mi máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i."

Ọ̀gá ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n èmi ìbá jà fún fíìmù wa àtijọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá di àgbò nínú fíìmù ọjọ́un, kámẹ́rà ni wọ́n dá dúró. Ẹni náà kúrò, wọ́n mú àgbò wá síbi tó dúró sí, kámẹ́rà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Georges Méliès ti ń ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kí ọdún 1900 tó dé. Mi ò tíì rí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí àgbò yẹn, nítorí àgbò gidi ni. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń jáde lọ́wọ́ adáhunṣe, èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà lé e lórí, ni gbogbo wa fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín bí a ṣe ń lọ.

Ohun tí Ọ̀gá ṣe ni pé wọ́n ní kí àwọn ọmọṣẹ́ kó fíìmù akọni jọ, èyí tó bá ti ní ibi tí ènìyàn ti ń fò tàbí tó ń bẹ́ láti òrùlé dé òrùlé, kí wọ́n tò ó bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí gbogbo ilé jókòó wò ó, kí a lè mọ èyí tí idán inú rẹ̀, ìyẹn ọgbọ́n tí kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà fi ń tan ojú wa, ti gbó débi pé ó di ohun ẹ̀rín, àti èyí tí kò gbó. Orí tẹlifíṣọ̀n tuntun ni a ti wò ó, 4K gbàràgàdà tí Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láti máa fi iṣẹ́ han oníbàárà.

Superman ti 1978, tí Richard Donner darí, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan Spider-Man ti 2002, níbi tí ọmọkùnrin náà ti kọ́kọ́ ń sáré lórí òrùlé tó ń bẹ́ láti ilé kan sí òmíràn, ẹ̀rín bú. "Gémù rèé!" Wọ́n rẹ́rìn-ín sí Hulk ti 2003, wọ́n sì fi Green Lantern ti 2011 ṣe ẹ̀fẹ̀ débi pé a ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ mọ́. Ọmọṣẹ́ tó dàgbà jù dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀: "Ọ̀gá, èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe ló gbó. Kọ̀ǹpútà tòní la máa lò, tiwa ò ní gbó."

Ọ̀rọ̀ náà ò bá parí síbẹ̀, Màdáámù ìbá sì ti san owó rẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí wọ́n dá Spider-Man padà sẹ́yìn, sí ibi tí ìyá àgbà àti bàbá àgbà wà nínú ilé. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo màmá yìí. Wọn ò fò, wọn ò ta okùn. Kí ló dé tí àwọn náà fi dà bí ẹni tí a yà ní ṣọ́ọ̀bù wa níbí?"

Òótọ́ ni. Kò sí idán kankan ní ibi tó ń wí, síbẹ̀ ó rí bákan. Bí ibi tí kò ní idán bá ti rí bẹ́ẹ̀, a ò lè di gbogbo ẹ̀bi lé idán lórí. Mo ní kí wọ́n gbé rìmóòtù wá.

Fíìmù sinimá máa ń ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n òde òní ń tún ojú rẹ̀ yà ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín àkókò yẹn, àwọn kan ń ṣe é ní ìgbà 120. Kí àlàfo má baà wà, ẹ̀rọ inú rẹ̀ a máa fojú inú wo àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò yà, a sì máa fi wọ́n sáàárín èyí tó wà. LG ń pè é ní TruMotion, Samsung ń pè é ní Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity, Sony ń pè é ní Motionflow. Ó dára fún bọ́ọ̀lù. Fún fíìmù, ó ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan máa yọ̀ lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bíi fídíò òde. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn tó ń ṣe fíìmù nínú tó bẹ́ẹ̀ tí Tom Cruise àti olùdarí fíìmù Christopher McQuarrie fi ṣe fídíò kan ní oṣù Kejìlá 2018 láti bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n pa á.

Fún fíìmù akọni, ìpalára rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ní àwòrán 24, ohun tó bá ń sáré kì í dá ṣáká; ibi tí kò dá ṣáká yẹn gan-an ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń fi àlébù pamọ́ sí. Tẹlifíṣọ̀n wá nu ibẹ̀ mọ́, ó ní òun ń ran wá lọ́wọ́.

A pa á. A wo ibi tó kù. Wọ́n ti ti Sharpness dé òpin, èyí tó ń fi ìlà funfun yí gbogbo ènìyàn po, bẹ́ẹ̀ ni òṣèré tí wọ́n yà níwájú aṣọ àwọ̀ ewé, tí wọ́n sì gé lé àwòrán mìíràn, wá hàn bí ohun tí ọmọ iléèwé fi sísọ́ọ̀sì gé lẹ̀ mọ́ ìwé. A fà á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a bi ọmọṣẹ́ pé níbo ló ti rí ẹ̀dà Spider-Man tó mú wá. Ó ní ẹnì kan ló yọ ọ́ láti inú Video CD ọjọ́sí. Video CD tí a ń lò ní Nàìjíríà kò ju píksẹ́lì 352 sí 288 lọ. Ti tẹlifíṣọ̀n yìí jẹ́ 3840 sí 2160. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: a ń ní kí tẹlifíṣọ̀n fa àwòrán kan gùn títí yóò fi tó ju ìlọ́po 80 lọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ gba ẹ̀dà tí a sanwó fún, tó mọ́.

Kí èyí tó dé, Ọ̀gá wọ yàrá inú lọ, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá kan jáde, ìǹṣì 14, tí eruku ti bò. Wọ́n so ẹ̀rọ Video CD àtijọ́ mọ́ ọn, wọ́n gbé ibi òrùlé yẹn sí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dùn ún wò. Ìlà tó ń kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti bó ṣe kéré ti bo ohun tó yẹ kó bò. Ọ̀gá kàn sọ pé, "Èyí lèmi fi wò ó nígbà náà. Ṣé ẹ ti rí i pé mi ò gọ̀?"

Bí a bá tẹ̀lé ìyẹn dé òpin, a óò rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní gbígbó kì í ṣẹlẹ̀ sí fíìmù rárá. Iṣẹ́ náà wà bó ṣe wà. Ojú tí a fi ń wò ó ló ń fẹ̀ sí i. Ẹni tó ṣe fíìmù ní 2002 ṣe é fún sinimá tó ṣókùnkùn àti tẹlifíṣọ̀n ilé nígbà yẹn. Kò mọ̀ pé ẹnì kan yóò wá dúró tì í ní Lágéré lọ́jọ́ kan, níwájú ohun tó tó ilẹ̀kùn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà gidi dé, tí a sì tún gbogbo rẹ̀ wò pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tí a ti tún ṣe, ẹ̀rín dínkù, kò tán. Ohun tó ṣẹ́kù yẹn ni gbígbó tòótọ́, òun ni a sì jókòó tì.

Ẹ gbé Superman ti 1978 sẹ́gbẹ̀ẹ́ Superman kẹrin, ti 1987. Akọni kan náà, òṣèré kan náà, Christopher Reeve. Èyí tó dé lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án ló rí bí àgbà. Wọ́n ti gé owó rẹ̀ kù gan-an, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àwòrán tí akọni ti ń fò bọ̀ lọ́dọ̀ wa ni wọ́n sì ń lò ní àlòtúnlò jálẹ̀ fíìmù náà. Ọmọṣẹ́ àgbà, ẹni tó sọ pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, dákẹ́ níbẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kọ́ ló gbé ọkùnrin náà fò nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ti 1978, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n fi wáyà gbé Reeve kọ́, wọ́n sì tan àwòrán ojú ọ̀run sórí aṣọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Zoran Perisic ló ronú kan lẹ́ǹsì ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán náà àti lẹ́ǹsì kámẹ́rà, ó so wọ́n pọ̀ kí wọ́n máa yí papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kámẹ́rà bá ń fa nǹkan mọ́ra, ẹ̀rọ kejì á máa sọ àwòrán ẹ̀yìn di kékeré ní ìwọ̀n kan náà. Ojú ọ̀run ò tóbi, kò kéré. Reeve nìkan ló ń tóbi, ó sì dà bí ẹni tó ń bọ̀ wá bá wa. Reeve fúnra rẹ̀ mọ ọkọ̀ òfuurufú wà, èyí sì hàn: kó tó yà, èjìká rẹ̀ á ti kọ́kọ́ tẹ̀. Idán yẹn gba ẹ̀bùn àkànṣe Oscar. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ rí níbẹ̀ ni pé ara ènìyàn gidi, aṣọ gidi àti ìmọ́lẹ̀ gidi ló wà níwájú kámẹ́rà. Irọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìyẹn pé kò fò.

Spider-Man kejì ti 2004 tún wúlò fún wa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Apá irin mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ọ̀tá inú rẹ̀, ọmọláńgidi gidi ni wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ darí lẹ́yìn Alfred Molina, òṣèré tó ṣe ọ̀tá náà. Kọ̀ǹpútà wọlé níbi tí ọwọ́ ò lè dé. Bí apá bá kan aṣọ, aṣọ náà á mì. Oscar ni fíìmù náà gbà fún idán rẹ̀. Nínú The Dark Knight ti 2008, fíìmù Batman, ọkọ̀ akẹ́rù gidi ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ní LaSalle Street, ní Chicago. Mi ò gbọdọ̀ pẹ́ lórí ìyẹn, kò sẹ́ni tó ní owó ọkọ̀ akẹ́rù níbí.

Hulk ní tirẹ̀, òmìrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, ń jà nínú aṣálẹ̀, lábẹ́ oòrùn gangan. Àwọn tó ṣe é, Industrial Light & Magic, kì í ṣe ọ̀lẹ; ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kò fún wọn níbi ìfarapamọ́. Ti Green Lantern le jù bẹ́ẹ̀ lọ: aṣọ tí akọni wọ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti rán gbogbo rẹ̀. Ojú wa mọ aṣọ. Láti kékeré la ti ń wo bí aṣọ ṣe ń ká lórí èjìká.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni, Black Panther ti 2018 wà níbẹ̀. Ó gba Oscar mẹ́ta, fún aṣọ, fún ìṣètò ibi ìṣeré àti fún orin. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń du ti idán. Ẹ wo ìjà ìkẹyìn nínú ihò ojú irin, àwọn méjì tí ara wọn jẹ́ ti kọ̀ǹpútà látòkè délẹ̀ ń ṣubú, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Aṣọ òṣèré tí Ruth Carter ṣètò kò gbó, kò sì jọ pé yóò gbó. Inú fíìmù kan náà ni méjèèjì wà.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sídìí iṣẹ́ Màdáámù. Àwọn ọmọṣẹ́ ò dúró de ìjíròrò wa; nígbà tí a ṣì ń wo fíìmù, ọmọṣẹ́ àgbà ti ṣe ẹ̀dà tirẹ̀. Ó ya òṣèrébìnrin níwájú aṣọ àwọ̀ ewé nínú ṣọ́ọ̀bù, iná láti apá òsì. Ó lọ ya ère Mọ́remí nírọ̀lẹ́, oòrùn láti apá ọ̀tún. Ó kó wọn pọ̀, ó fi wúrà dídán kún aṣọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ránṣẹ́ sí Màdáámù lórí WhatsApp láìsọ fún Ọ̀gá.

Màdáámù fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n pè, inú wọn dùn, wọ́n ní kí a máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Èyí ló sún wa kan ògiri, nítorí kò sí àríyànjiyàn tí oníṣẹ́ lè fi borí oníbàárà tó ti sọ pé ó wu òun. Ọ̀gá ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sọ́dọ̀ wa tí ẹ bá ti ń bọ̀ láti ọjà, kí ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n."

Wọ́n wá. Lórí ojú ńlá, òjìji ère ń lọ sí apá kan, ti ọmọbìnrin náà ń lọ sí apá kejì. Aṣọ wúrà ń dán, kò ká. Màdáámù wò ó, wọ́n ní kí a tún un gbé, wọ́n tún wò ó. "Ṣé èyí náà ni mo rí lórí fóònù?" Òun náà ni. Ọ̀gá sọ ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: "Fóònù lẹ fi wò ó lónìí. Àwọn ọmọ yín, ara ògiri ni wọ́n máa fi wò ó."

A tún un yà. A gun òrùlé pẹrẹsẹ ilé kan nírọ̀lẹ́, lásìkò tí a máa ya ère náà gẹ́lẹ́, kí oòrùn lè wà níbì kan náà. Òṣèrébìnrin dùbúlẹ̀ lórí pákó tóóró tí a dè mọ́ àkàbà méjì, kámẹ́rà wà nísàlẹ̀, ojú ọ̀run gidi wà lẹ́yìn rẹ̀, fáànù kan ń fẹ́ aṣọ rẹ̀. Aṣọ òkè gidi ni, aláwọ̀ wúrà, télọ̀ kan nítòsí ló rán an. A ní kó kọ́kọ́ tẹ èjìká kó tó yà, bíi ti Reeve. Pákó nìkan ni kọ̀ǹpútà ní láti pa rẹ́. Níbi tó ti kọjá níwájú ère látòkèèrè, a lo ọmọbìnrin orí kọ̀ǹpútà, kékeré, kò pẹ́ lójú. Níbi tó balẹ̀ sójú títì, orí àpótí ló ti fò sílẹ̀. Ẹnì kan da yanrìn gbígbẹ sílẹ̀ lásìkò náà, eruku gidi bo ibi tí a gbé gé àwòrán. Ẹlẹ́ran súyà kan tó ń wò wá pariwo, ó sì ń sá. Ohùn rẹ̀ wà nínú fíìmù.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí mo rí kọ́kọ́ wà nínú rìmóòtù: ẹ pa àwọn ètò yẹn kí ẹ tó dá fíìmù ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, kí ẹ sì pa á nílé oníbàárà náà bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yín hàn níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ sí idán lórí fóònù nìkan. Ibi tó bá ṣòro jù láti ṣe lójú kámẹ́rà ni kí ẹ fún kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ibi tó bá yá jù. Mo tún rò pé ẹni tó ń fò gbọ́dọ̀ mú ohun kan nínú ayé yìí dáhùn: eruku, aṣọ, ìtẹ̀ pákó. Ara Spider-Man ti 2002 ò wúwo nítorí òrùlé tó ń gbà á kò mira. Kọ̀ǹpútà tòní lè mú òrùlé mira, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, àkókò sì ni ohun tí oníbàárà Ifẹ̀ kì í fẹ́ san owó fún.

Ibì kan wà tí a ò rí Màdáámù yí lọ́kàn padà. Ìmọ́lẹ̀ wúrà tó ń jáde ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin náà nígbà tó balẹ̀, wọ́n ní dandan ni, nítorí ó wà nínú ìwé. A fi síbẹ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ gbó. Torí rẹ̀ ni Ọ̀gá fi ní kí wọ́n tọ́jú àwòrán ibẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe gbà á, láìsí ìmọ́lẹ̀ náà, pẹ̀lú gbogbo àwòrán yòókù tí a yà láìsí òṣèré nínú, sórí háádì díráìfù méjì, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lọ́dọ̀ Màdáámù. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá di yẹ̀yẹ́, a óò yọ ọ́, a óò fi òmíràn síbẹ̀, a ò ní ya ohunkóhun tuntun. Màdáámù bi wá pé ta ni yóò san owó háádì díráìfù kejì. Wọ́n dúnàá-dúrà díẹ̀, wọ́n sì san án.